Ọjọ́ Mẹ́fà Àkọ́kọ́: Ibà Lassa ní Jos àti Ìtàn Oògùn tí Ń Dènà Fáírọ́ọ̀sì

Ìfáárà

Nínú bébà yìí, a fẹ́ sọ ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Jos tí a péjọ sí yìí, kí a sì tipa bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé bí oògùn tí ń dènà fáírọ́ọ̀sì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ fi múlẹ̀. Ní ọdún 1969, kò sí oògùn fún ibà Lassa rárá. Lónìí, oògùn wà, ṣùgbọ́n pípẹ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn jàǹfààní rẹ̀. Àwa olùkọ́ sì ní ipa láti kó nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jos

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1969, àìsàn kọlu Laura Wine, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní ìlú Lassa, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno òde òní. Nígbà tí ó burú sí i, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e wá sí Ilé Ìwòsàn Bingham Memorial ní Jos. Ọjọ́ kejì tí ó dé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, ni ó kú. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, ní ọgbẹ́ kékeré kan ní ìka. Kò pẹ́ tí àìsàn náà fi mú òun náà, ó sì kú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì.

Ẹni kẹta ni Penny Pinneo, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọ́n gbé e lọ sí New York, níbi tí ó ti bọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Yunifásítì Yale ni Jordi Casals, Sonja Buckley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti rí fáírọ́ọ̀sì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Orúkọ ìlú Lassa ni wọ́n fi pè é. Àrùn náà mú Casals fúnra rẹ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo, tí àwọn ọmọ ogun ara ti wà nínú rẹ̀, ni wọ́n fà sí i lára, ó sì yè. Juan Roman, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní Yale, kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ó kú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, àrùn náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jos. Dókítà Jeanette Troup, tí ó tọ́jú àwọn nọ́ọ̀sì ìṣáájú, ṣèèṣì fi abẹ gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tí ó ti ń ṣe àyẹ̀wò òkú aláìsàn kan. Ní oṣù Kejì ni òun náà kú.

Ìdí tí pẹnisílìn kò fi ràn wọ́n

Ẹnì kan lè béèrè pé: ṣé kò sí pẹnisílìn nígbà náà ni? Ó wà. Ṣùgbọ́n bakitéríà ni pẹnisílìn ń bá jà. Ara ògiri tí bakitéríà fi bo ara rẹ̀ ni ó ń wó. Fáírọ́ọ̀sì kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ni ó ń wọ̀, bí ẹni tí ó já wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, tí ó gba máṣíìnì àti òwú onílé, tí ó wá ń rán aṣọ tirẹ̀. Bí a bá ní kí a dáná sun ṣọ́ọ̀bù nítorí rẹ̀, onílé ni yóò jìyà. Ìṣòro tí ó mú kí oògùn fáírọ́ọ̀sì ṣòroó ṣe nìyẹn: ó gbọ́dọ̀ dá olè lọ́wọ́ kọ́ láìpa onílé lára.

Bí ribavirin ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1986, Joseph McCormick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìtọ́jú ibà Lassa tí wọ́n ṣe ní Sierra Leone jáde. Oògùn tí wọ́n lò ni ribavirin. Ó fara jọ ọ̀kan nínú èròjà mẹ́rin tí fáírọ́ọ̀sì náà fi ń da ara rẹ̀ kọ. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà méjì pàtàkì: ó ń dín èròjà gidi náà kù nínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì lè gba ipò rẹ̀ nínú àdàkọ. Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ wa ṣàpèjúwe èyí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi lẹ́tà kan kọ lójú pátákó, tí ẹlòmíràn da tirẹ̀ kọ, tí òun náà tún ṣi òmíràn kọ, nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹwàá, àkọsílẹ̀ náà kò ní ìtumọ̀ mọ́.

Nítorí náà, oògùn yìí kì í tún ohun tí fáírọ́ọ̀sì ti bàjẹ́ ṣe. Ìbísí rẹ̀ ni ó ń dí lọ́wọ́. Ibí ni ọjọ́ ti ṣe pàtàkì. Láàrin àwọn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé àìsàn wọn le gan-an ní Sierra Leone, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń kú láìsí oògùn náà. Nínú àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á sínú iṣan láàrin ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ibà, ìdá 5 ni ó kú. Nínú àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ keje tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ó jẹ́ ìdá 26. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Ribavirin kì í ṣe oògùn tí a ń rà jẹ fúnra ẹni. Ó lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Àwọn onímọ̀ ń tún agbára rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́wọ́lọ́wọ́, wọ́n sì ti dán oògùn mìíràn, favipiravir, wò pẹ̀lú rẹ̀ ní Irrua ní Ìpínlẹ̀ Edo àti ní Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá

Ní èdè Yorùbá, orúkọ kan náà, ibà, ni à ń pe oríṣiríṣi àìsàn tí ara fi ń gbóná. Nítorí náà, oògùn ibà kan náà ni ọ̀pọ̀ wa ń sáré sí. A rántí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ibà mú lásìkò ìdánwò. Ó gba abẹ́rẹ́, ó lo oògùn ibà, ó tún fi kápúsù olóríṣiríṣi kún un. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọpẹ́ ni pé àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe Lassa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Bí ó bá jẹ́ òun ni, ọjọ́ mẹ́fà ti kọjá lórí kápúsù tí kò lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan.

Àgbálọgbábọ̀

A dá a lábàá pé kí a fi ìtàn Jos yìí sínú ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la, ní èdè tí àwọn ọmọ gbọ́. Kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàrin bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì. Kí wọ́n mọ̀ pé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni àrùn náà sábà ń gbà dé inú oúnjẹ wa, kí a sì máa dé gaàrí àti ọkà wa. Lékè gbogbo rẹ̀, bí ibà kò bá gbọ́ oògùn ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, àyẹ̀wò ni ó kàn, kì í ṣe kápúsù mìíràn. Wine, Shaw àti Troup kò rí oògùn tí wọn ìbá lò. Àwa rí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pẹ́ dé ibẹ̀.