Akinola Lasekan àti Ìjà Àwòrán Ẹ̀fẹ̀

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí àwòrán ẹ̀fẹ̀ fi di ohun ìjà nínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Nàìjíríà, ìlú Accra ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1935, ìwé ìròyìn African Morning Post bẹ̀rẹ̀ sí jáde níbẹ̀, Nnamdi Azikiwe sì ni olóòtú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1936, ó tẹ àròkọ kan jáde tí I. T. A. Wallace-Johnson, ọmọ ilẹ̀ Sierra Leone, fi bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà àwọn òyìnbó tí ń pe ara wọn ní onígbàgbọ́. Ìjọba Gold Coast ka àròkọ náà sí ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀. Ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà àti owó ìtanràn £50 fún Azikiwe. Ní ọdún 1937, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Ṣùgbọ́n ó ti hàn sí gbogbo oníwèé ìròyìn pé ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sílẹ̀ lè di ẹlẹ́rìí lòdì sí ẹni tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún 1937 náà ni Azikiwe padà sí Èkó, tí ó sì dá West African Pilot sílẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá. Ìwé ìròyìn yìí ni Akinola Lasekan, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀wọ̀, wá fi ọwọ́ rẹ̀ sìn ní àwọn ọdún 1940. “Lash” ni ó máa ń kọ sí ìdí àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 1944 ni ìwé rẹ̀, Nigeria in Cartoons, jáde.

Lasekan kì í sábà fa imú ènìyàn gùn tàbí kí ó sọ orí ènìyàn di àgbá nítorí àti pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín. Bí ènìyàn ti rí gan-an ni ó fẹ́ràn láti yà á. A sì máa kọ orúkọ sí ara ohun tí ó bá yà, kí ó má baà ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti mọ ẹni tí ń jẹ ènìyàn níyà àti ẹni tí ìyà ń jẹ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni àwòrán Lasekan. Inú òǹkàwé ni ó ti ń di odidi, ibẹ̀ sì ṣòro fún agbẹjọ́rò ìjọba láti wọ̀.

Ní àkókò kan náà, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, David Low ti ìwé ìròyìn Evening Standard. Nígbà tí àwọn aláṣẹ Jámánì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ní ọdún 1937, ẹ̀bẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dẹ ọwọ́ díẹ̀. Wọn kò gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ìjọba kan náà ni ó ni Lọ́ńdọ̀nù àti Accra, ṣùgbọ́n òmìnira tí ó wà fún kálámù ní ìlú méjèèjì kò dọ́gba. Ní oṣù keje ọdún 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba fi òfin de Pilot fún ìgbà díẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ Lasekan ní àbùkù tirẹ̀. Nígbà tí ìjà òṣèlú bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ẹgbẹ́ Alákùkọ ti Azikiwe àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ ní àwọn ọdún 1950, ọmọ Yorùbá ni Lasekan, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Azikiwe ni ó wà. Pé ó kọ̀ láti fi ẹ̀yà pín ènìyàn yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n akọni ni Azikiwe nínú àwòrán rẹ̀, àwọn Ọlọ́pẹ ni ó sì ń dá lẹ́bi. Àwọn eléfẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu mọ̀ pé ẹni tí yóò bá àṣìṣe ìlú wí kò gbọdọ̀ yọ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ó yá, Lasekan di olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Nsukka. Ọ̀nà tí ó là ni àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ Nàìjíríà tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ tọ̀. Ohun tí ó kù fún wọn láti fi kún un ni kí kálámù tí kò bẹ̀rù òyìnbó má ṣe bẹ̀rù ọ̀rẹ́.