Ta Ni Yóò Kọ́ Àwọn Tí Ń Tọ́ Ọ̀dọ́?

Ta ni kò mọ̀ pé ìjàkadì ni wọ́n fi ń ki àwa ọmọ Ọ̀fà? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ ìjàkadì, wọn kì í fà á lé ẹni tí kò jà rí lọ́wọ́. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀, tó sì mọ bí a ṣe ń ṣubú tí eegun kò fi ní ṣẹ́, ni wọ́n ń fà á lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ télọ̀ àti ti káfíńtà: ẹni tí kò tíì gba fírídọ̀ọ̀mù kì í gba ọmọ iṣẹ́. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé, bí a bá ń wá ẹni tí yóò máa darí àwọn ọ̀dọ́ ní àdúgbò, nínú ẹgbẹ́ tàbí ní ilé kéú, ẹni tí àyè bá ṣáà gbà ni a ń mú? Ìtàn fi hàn wá pé iṣẹ́ tí à ń kọ́ ni títọ́ ọ̀dọ́.

Ìtàn Man O' War Bay

Ní ọdún 1951, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Alec Dickson dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní etí òkun tí wọ́n ń pè ní Man O' War Bay, nítòsí ìlú Victoria, èyí tí a ń pè ní Limbe lónìí. Nígbà náà, ìjọba kan náà ló ń ṣàkóso Gúúsù Kamẹrúùnù àti Nàìjíríà. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jọ síbẹ̀. Wọn kò jókòó ti ìwé nìkan. Wọ́n gun òkè Kamẹrúùnù, tó ga ju 4,000 mítà lọ. Wọ́n wọ òkun. Wọ́n sì bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ ìlú. Ìdí ètò náà kò ṣòro láti rí: ẹni tí yóò ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé, a ní láti kọ́kọ́ dán òun fúnra rẹ̀ wò.

Nígbà tí Gúúsù Kamẹrúùnù dara pọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù ní 1961, iṣẹ́ náà kò kú. Ó ń bá a lọ ní Nàìjíríà lábẹ́ Citizenship and Leadership Training Centre, tí ilé ẹ̀kọ́ orí òkè rẹ̀ wà ní Shere Hills, nítòsí Jos. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ilẹ̀ baba yín lábẹ́ NYSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ẹ ó rántí àwọn Man O' War tí ń darí yín ní àgọ́, irú èyí tó wà ní Yikpata ní ìpínlẹ̀ Kwara wa. Etí òkun yẹn ni orúkọ wọn ti wá.

Àwọn ará òkèèrè náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní 1960, ìgbìmọ̀ Albemarle sọ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé iṣẹ́ ọ̀dọ́ ti rẹ̀yìn, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ kò tó. Ní 1961, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ sí Leicester, níbi tí wọ́n ti ń fi ọdún kan kọ́ àwọn olùdarí ọ̀dọ́. Ní 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth dá ètò ọ̀dọ́ tiwọn sílẹ̀, ibùdó rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sì wà ní Lusaka, ní Zambia, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ojú Wo La Fi Ń Wo Ọ̀dọ́?

Tẹ́lẹ̀, ojú iná tí a gbọ́dọ̀ pa ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi ń wo ọ̀dọ́: kí ó má mu igbó, kí ó má jalè, kí ó má fẹ́ra kù. Láti nǹkan bí ọdún 1990 wá, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn ní ìbéèrè mìíràn: kí ni ohun rere tó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ yìí tí a lè mú dàgbà? Richard Lerner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 2002. Wọ́n tọpa ọ̀dọ́ bí 7,000 fún ọdún púpọ̀. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ń wò lára wọn: ìmọ̀ọ́ṣe, ìgbára-ẹni-gbọ́, àjọṣe pẹ̀lú ènìyàn, ìwà rere àti àánú. Bí márààrún bá pé sí ọmọ lára, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìlú lóore. Kí ni èyí bí kò ṣe ọmọlúàbí?

Ẹ wo ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 kan tí kò lè há sílébù kan sórí, ṣùgbọ́n tó máa ń tún rédíò ṣe. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yóò mú pàṣán. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yóò fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ẹgbẹ́ sí ìkáwọ́ rẹ̀, yóò sì gba ibẹ̀ wọ inú ọkàn rẹ̀. Ó mọ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀. Ó mọ àmì ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára òun, tó fi yẹ kí òun mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹnìkan lè sọ pé ọkàn rere ti tó. Ọkàn rere dára, òun sì ni ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rere nìkan kò lè kọ́lé. Bíríkìlà gbọ́dọ̀ mọṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dá ẹgbẹ́ MSS sílẹ̀ ní Èkó ní 1954 kò dúró de ìjọba. Ẹgbẹ́ náà sì wá sọ àkókò ìsinmi di àkókò ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Ọ̀fà tiwa kún fún ọ̀dọ́, pàápàá láti 1992 tí Fẹ́dẹ́rà Pólì ti wà níbẹ̀. Àbá mi kò le: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì, kí wọ́n san owó ẹ̀kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìsinmi gígùn, kí a tó fà wọ́n lé àwọn ọmọ lórí. Owó tí à ń ná sí áńkárá ọdún kan lè tó o. Áńkárá á gbó, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá sọnù lónìí, a kò ní rí owó rà á padà. Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́ wọn. Àmín.