Ìbò: Ohun Tí Ọwọ́ Bò

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022, a tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń dìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní àdúgbò wa. Màmá arúgbó kan ló ṣíwájú mi. Wọ́n fún un ní ìwé ìdìbò, ó lọ sẹ́yìn páálí, ó tẹ̀ka, ó ká ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ká. Bó ṣe ń bọ̀ wá sídìí àpótí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ̀yìn ti ògiri rọra sọ fún un pé, “Màmá, ẹ jẹ́ n wò ó fìrí.” Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó bá fi ibi tó tẹ̀ka sí hàn án ni owó máa kàn. Màmá fún ọwọ́ mọ́ ìwé náà débi pé iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ yọ síta. Ó ní, “Ọmọ mi, wọn kì í ṣí ìbò wò lọ́nà.” Ó sì sọ ọ́ sínú àpótí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà, ìbò. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a ò gbọ́ ohun tó ń wí mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú u. Nínú dìbò, dì wà, ìbò wà. Dì ni ohun tí ọwọ́ ń ṣe nígbà tó bá pa àtẹ́lẹwọ́ dé mọ́ nǹkan. Bí a bá sì yọ ì- kúrò lára ìbò, bò ló kù: kí nǹkan wà lábẹ́ nǹkan, kí ojú má tó o. Kí àpótí ìdìbò tó dé ilẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ babaláwo ni ìbò wà. Ẹni tó wá dá Ifá á mú owó ẹyọ sọ́wọ́ kan, á mú eegun sọ́wọ́ kejì. Owó ẹyọ ni bẹ́ẹ̀ ni, eegun ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Á pa ọwọ́ méjèèjì dé. Babaláwo ò mọ èyí tó wà lọ́tùn-ún, kò mọ èyí tó wà lósì. Á da ọ̀pẹ̀lẹ̀, á wo èyí tó jẹ́ àgbà nínú odù tó yọ, ìyẹn ni yóò fi mọ ọwọ́ tí yóò ní kí onítọ̀hún ṣí. Bí babaláwo bá ti yọjú wo inú ọwọ́ ṣáájú, Ifá kọ́ ló sọ̀rọ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ni. Nínú Bíbélì pàápàá, nígbà tí àwọn àpọ́sítélì ń wá ẹni tí yóò rọ́pò Júdásì, ìbò ni wọ́n dì, ìbò ló mú Màtíà.

Ohun méjì ló ń jẹ́ kí ìbò jẹ́ ìbò. Èkíní, kí ohun tó wà lọ́wọ́ bò. Èkejì, kí ìdáhùn má tíì wà lẹ́nu ẹnikẹ́ni kí ọwọ́ tó ṣí.

Bò yìí bí ọmọ púpọ̀. Ìbora tí à ń fi sùn lóru ọyẹ́, ọmọ rẹ̀ ni. Ààbò, ọmọ rẹ̀ ni. Ìbòmọ́lẹ̀ náà, ọmọ rẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tí kò wu baba. Ìbò dúró sáàárín àwọn méjì ìkẹyìn yìí. Bí ìbòrí bá wà lórí ọwọ́ olùdìbò, ààbò ni: onílé ò ní mọ ohun tí ayálégbé rẹ̀ ṣe, ọ̀gá ò ní mọ ti ọmọṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìbòrí bá kúrò lórí ọwọ́, tó lọ gorí tábìlì ẹni tó ń kà á, ó ti di ìbòmọ́lẹ̀.

A ti rí oríṣiríṣi. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1991, nígbà tí Ọ̀ṣun kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n ní kí àwa ará ìlú tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tí a fẹ́ ní gómìnà. Isiaka Adeleke ló wọlé lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP, ẹlẹ́ṣin. Ìbò la pè é, àmọ́ ìtò ni: gbogbo ayé ń wo ẹ̀yìn ẹni tí o dúró sí. Nígbà tó fi máa di ìbò ààrẹ ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, wọ́n ti dá ìbòrí padà. Olùdìbò tẹ̀ka níkọ̀kọ̀, ó wá ju ìwé ìdìbò sínú àpótí lójú gbogbo èèyàn. Ọwọ́ bò, àpótí hàn. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Ìgbà tó kù kí wọ́n kéde ẹni tó wọlé ni ìjọba ológun bo èsì mọ́lẹ̀, lọ́jọ́ 23 oṣù kan náà.

Láyé òde òní, ebi ni wọ́n fi ń ṣí ọwọ́ wa. “Dìbò kó o sebẹ̀” ni wọ́n ń pè é. Mi ò ní bú ẹni tó gbà á, nítorí mo mọ ilé tí ìkòkò ti ń ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìbò ò ra ìwé. Ìbòrí ọwọ́ rẹ ló rà, èyí tó jẹ́ ààbò rẹ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ẹ wá fi èsì ìbò gómìnà wé ti ìjọba ìbílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2022 yẹn, Ademola Adeleke ti PDP ní 403,371, Gboyega Oyetola ti APC ní 375,027. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 30, Adeleke mú 17, Oyetola mú 13. Ẹni tó bá ka èsì yẹn, á rí àwa èèyàn nínú rẹ̀: ọwọ́ ọ̀tọ̀, ọkàn ọ̀tọ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta, lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹwàá, wọ́n dìbò alága ìjọba ìbílẹ̀. APC tó ṣì wà ní ìjọba kó gbogbo 30. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n tún dì í. PDP tó ti gba ìjọba kó gbogbo 30. Ẹjọ́ ti wà nílẹ̀ lórí méjèèjì, ẹ̀mí sì ti ṣòfò nínú rògbòdìyàn ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìkejì. Ìlú kan náà ni, èèyàn kan náà. Kì í ṣe Ọ̀ṣun nìkan: PDP kó gbogbo 33 ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 2024, APC kó gbogbo 57 ní Èkó lọ́dún 2025. Gómìnà ló ń yan àjọ tó ń ṣètò ìbò ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ á sì fọwọ́ sí i. Aládùúgbò mi kan tó ń ránṣọ béèrè lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ irú ìbò bẹ́ẹ̀ pé, “Ẹ̀yin ń lọ kẹ̀? Ṣé ẹ ò tíì gbọ́ ẹni tó wọlé ni?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Bí ìdáhùn bá ti wà lẹ́nu aránṣọ láàárọ̀, kí ni ọwọ́ fẹ́ bò?

Àwa la sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ àwọn tí ará ìlú yàn. Ní Ọ̀ṣun, nítorí awuyewuye lórí ta ni alága, owó ọ̀hún ha sọ́nà lọ́dún 2025. Ọ̀nà ọjà ń dúró de owó yẹn.

Ní ti ẹgbẹ́ òṣèlú, bàbá mi ṣe Ọlọ́pẹ, ó ṣe Ìmọ́lẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ayé ìgbà tiwọn, ó kú síbẹ̀. Lónìí, Iyiola Omisore, olóṣèlú Ọ̀ṣun, ti rìn láti AD dé PDP, dé SDP, dé APC. Rauf Aregbesola tó fi APC ṣe gómìnà bọ́ sí ADC lọ́dún 2025. Ní òpin ọdún 2025, Ademola Adeleke fi PDP sílẹ̀, ó bọ́ sí Accord. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń bí mi nínú, bí ìgbà tí wọ́n fi ìbò mi ṣe ẹrù kó lọ. Mo ti wá rí i pé orúkọ tí a tẹ̀ka sí ló ń kó kúrò. Ọwọ́ tó tẹ̀ka ṣì wà ní èjìká mi. Ọwọ́ ara ẹni la sì fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Màmá ọjọ́ náà kò lọ sílé lẹ́yìn tó dìbò. Ó gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó títí wọ́n fi ka ìbò sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n lẹ ìwé èsì mọ́ ògiri, ó dìde, ó fi ìka tí tàdáwà ṣì wà lára rẹ̀ kàn án, ó yíjú sí mi.

Ó ní, “Ọmọ mi, mi ò mọ̀wé. Bá mi kà á sókè.”