Ìtàn Tó Wà Nínú Koríko Pápá Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Pápá ilé ẹ̀kọ́ wa ti ṣubú. Apá kan rẹ̀ ti pá, apá kan kún fún patanmọ́ àti imí-eṣú, ojú góòlù méjèèjì sì ti di kòtò tí omi òjò ń dúró sí. Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní sáà tó kọjá, àwọn kan dá a lábàá pé kí a kúkú da kọnkéré bo gbogbo rẹ̀. Kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kí a wo ẹ̀yìn. Ta ló kọ́ wa láti máa tọ́jú koríko yí ilé ká? Kí ló sì dé tó fi ń kú mọ́ wa lọ́wọ́?

Láyé àtijọ́, àwọn baba ńlá wa kì í gbin koríko sí àgbàlá. Ilẹ̀ gbígbá ni ẹ̀yẹ ilé. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ni àwọn obìnrin àti ọmọdé ti máa ń mú ìgbálẹ̀, tí ojú ilẹ̀ á sì mọ́ féfé. Bí koríko bá hù dé ẹnu ọ̀nà, àmì pé ilé ń di ahoro ni. Ejò àti àkekèé a sì máa sá pamọ́ síbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà bá ń sọ pé koríko kì í ṣe ọ̀ṣọ́, wọ́n ní ìdí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà yìí ti bá wa wá. Níbẹ̀, òjò wẹ́wẹ́ àti ìtútù máa ń jẹ́ kí koríko tutù yọ̀yọ̀. Síbẹ̀, ọlọ́lá nìkan ló lè ní pápá títẹ́jú nígbà kan, nítorí àgùntàn ló ń jẹ ẹ́ tàbí kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi dòjé gígùn gé e. Ní ọdún 1830, Edwin Budding, ará agbègbè Stroud, ṣe ẹ̀rọ ìgékoríko àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tí àwọn ahunṣọ fi ń gé irun ojú aṣọ ló wò kó tó ṣe é. Láti ìgbà náà ni ẹni tí kì í ṣe ọlọ́lá pàápàá ti lè ní pápá tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, àṣà náà bá wọn dé. Ní Èkó, Ọba Dòsùnmú fún wọn ní ilẹ̀ ìdíje ẹṣin ní ọdún 1859. Pápá yẹn náà ni a ti gbé àsíá Nàìjíríà sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ koríko kọjá eré. Ní ọdún 1897, Ronald Ross rí i ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà. William MacGregor, tó di Gómìnà Èkó lẹ́yìn náà, tó sì jẹ́ dókítà, ní kí a fa omi ẹrẹ̀ kúrò kí a sì fún gbogbo ènìyàn ní oògùn ibà, dúdú àti funfun. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò rò bẹ́ẹ̀. Òfin ìlú tí Lugard ṣe ní ọdún 1917 ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀, wọ́n sì fi ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó yáàdì 440 sáàárín wọn àti ọmọ onílẹ̀. Láwọn ìlú kan, ibẹ̀ ni wọ́n sọ di pápá eré. Koríko tí a ń wò bí ọ̀ṣọ́ yìí ti ṣe iṣẹ́ ògiri rí. Ní ti ìgboro, wolé-wolé ló ń yẹ ilé wò, owó ìtanràn sì ń bẹ fún ẹni tí igbó bá yí ilé rẹ̀ ká.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà wá ní pápá. Ìyá mi àgbà bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní ọdún 1955. Ó sọ fún mi pé àdá wà lára ohun tí àwọn ń gbé lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ dé, pọ́ṣọ̀n koríko ni wọ́n máa fún un. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ibí yìí gan-an ni mo rò pé àìsàn pápá wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a ń fi koríko jẹ níyà kò ní fẹ́ kó tètè hù padà, nítorí náà, yóò ṣán an mọ́lẹ̀ títí erùpẹ̀ á fi hàn. Oòrùn á wá jó gbòǹgbò rẹ̀, èpò á sì gba àyè. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn èpò náà ní ìtàn tiwọn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni patanmọ́ ti wá. Ibẹ̀ náà ni èyí tó kún etí pápá ti wá, tí àwọn ènìyàn fi orúkọ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ní ewé Akíntọ́lá. Ṣùgbọ́n èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni koríko bàhámà. Pẹ̀lú orúkọ àjèjì yìí, ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tó ti ṣẹ̀. Àṣà pápá títẹ́jú ló jẹ́ àlejò. Koríko náà kì í ṣe àlejò. Ó fẹ́ràn oòrùn wa, ó sì ń fara da ọ̀dá.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé pápá wa lè jí. Níbi tí gbági bá ti pọ̀, ilẹ̀ ti le nítorí ẹsẹ̀. Ká fi ọkọ́ tú u. Lẹ́yìn òjò, ká fi ọwọ́ fa èpò tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó so. Ká po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà mọ́ ilẹ̀, ká sì gbin ìtàkùn bàhámà sójú ibi tó pá. Lábẹ́ igi máńgòrò, bàhámà kò ní ṣe dáadáa nítorí òjìji. Koríko kápẹ́ẹ̀tì ló yẹ ibẹ̀. Ká má jẹ́ kí ẹsẹ̀ débẹ̀ títí yóò fi mú ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ká máa gé e lemọ́lemọ́, kí a má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí gígé koríko má jẹ́ ìyà mọ́. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe ní àgbàlá tí wọ́n ń gbá.

Kọnkéré kì í mu omi. Ọ̀gbàrá tó bá ṣàn lórí rẹ̀ yóò wọ kíláàsì àwọn ọmọ JSS 1 tó wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá sì ṣubú lórí rẹ̀ yóò bó. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òjò àkọ́rọ̀ kò ní pẹ́ dé. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, kí ẹ tó ra sìmẹ́ńtì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní àsìkò òjò kan ṣoṣo.