Ọgbọ́n Ìjàpá Nínú Ọkọ̀ Tòkunbọ̀: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Epo Lò

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde níbi ayẹyẹ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo bẹntiróòlù kan ti kúrò ní nǹkan bí ₦185, ó ti lé ní ₦480. Nígbà tí yóò fi di oṣù keje, ó ti di ₦617 ní Àbújá. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti gba ẹnu àwọn onímọ́tò, láti Èkó títí dé Ìwópin ní etí ọ̀sà: kí ni a lè ṣe tí ọkọ̀ tó ti dàgbà kò fi ní máa mu epo bí ẹni mu omi?

Ìbéèrè náà dàbí tuntun, ṣùgbọ́n ó ní ìtàn. Àwọn baba wa tó wa ọkọ̀ Ìjàpá àti Peugeot 504 kọ́ ọgbọ́n ṣíṣọ́ epo lò, wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Ọkọ̀ ti yí padà lẹ́yìn wọn, ọgbọ́n náà kò yí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Lónìí, díẹ̀ nínú ohun tí à ń ṣe kí epo má baà tètè tán gan-an ni ó ń mú kí ó tán kíákíá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìgbà tí epo kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá ní oṣù kẹwàá ọdún 1973 sọ epo rọ̀bì di wúrà. Láàárín oṣù díẹ̀, iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà àgbáyé di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ń tò ní ilé epo. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 1974, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin pé kí ọkọ̀ má sáré ju máìlì 55 lọ ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 88, kí epo lè tó lò.

Ohun tó ni wọ́n lára lọ́hùn-ún ni ó sọ wá di ọlọ́rọ̀ níhìn-ín. Nàìjíríà ti wọ ẹgbẹ́ OPEC ní ọdún 1971, owó epo rọ̀bì sì ń wọlé. Ní oṣù kẹta ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ méjì tó ń to ọkọ̀ pọ̀ ṣílẹ̀kùn: ti Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó. Peugeot 504 gba ìgboro, bẹ́ẹ̀ náà ni Volkswagen kékeré tó rí róbótó lẹ́yìn tí a sọ ní Ìjàpá. Kọ́bọ̀ 15.3 ni lítà epo kan ní òpin ọdún 1978. Kọ́bọ̀ 20 ni ní ọdún 1982. Ta ni yóò jókòó máa ṣírò iye tí ọkọ̀ ń mu nígbà náà?

Ọdún 1986 ni ojú wa là. Iye epo rọ̀bì wó lulẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida dá ọjà pàṣípààrọ̀ owó tí wọ́n pè ní SFEM sílẹ̀, náírà sì já wálẹ̀. Ọkọ̀ tuntun kúrò ní ohun tí olùkọ́ tàbí akọ̀wé lè fi owó oṣù rà. Ọkọ̀ àlòkù láti ìlú òyìnbó wá gba ipò rẹ̀, a sì fi orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun pè é: Tòkunbọ̀. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n ó bo ọjọ́ orí mọ́lẹ̀. “Ọmọ” náà ti di àgbà kí ó tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa.

Epo pàápàá ń gòkè: kọ́bọ̀ 39.5 ní ọdún 1986, kọ́bọ̀ 70 ní ọdún 1991, ₦11 ní oṣù kẹwàá ọdún 1994. Ní àkókò yìí ni ọgbọ́n ṣíṣọ́ epo gbilẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Kàbúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀ ìgbà náà, ẹni tó bá sì mọṣẹ́ lè fi ọwọ́ àti etí lásán tún un ṣe títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa dún geere. Wọ́n á fọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á gbọn eruku inú asẹ́ afẹ́fẹ́. Bí awakọ̀ bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á yọ jíà sí fíríì kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Èyí léwu, ṣùgbọ́n ó ń dín epo kù díẹ̀, nítorí pé kàbúrétọ̀ kì í sábà sé epo nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí túrótù.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fi kàbúrétọ̀ sílẹ̀. Ìnjẹ́kítọ̀ ni ó ń tú epo, kọ̀ǹpútà kékeré tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box ni ó sì ń wọn epo náà. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ọgbọ́n Ìjàpá ni a fi kí i káàbọ̀.

Ẹ wo fíríì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oní-ìnjẹ́kítọ̀, bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí túrótù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí jíà ṣì wọlé, kọ̀ǹpútà á sé epo. Táyà tó ń yí ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá yọ jíà sí fíríì ti sọ ọ́ di dandan kí epo máa jó kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Ó ń fi epo ṣòfò, ó sì ti pàdánù ìjánu tí ẹ́ńjìnnì ń bá bíréèkì fà. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó ń pa ẹ́ńjìnnì pátápátá: bíréèkì àti sítíárì á le, ẹ̀mí èrò sì wà nínú ọkọ̀.

Ẹ tún wo thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì lọ tutù nínú rédíétọ̀ títí yóò fi gbóná tó, ní nǹkan bí ìwọ̀n 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, ilẹ̀ òtútù ló wà fún. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kí ó tó gbóná dé ibi tó yẹ. Kọ̀ǹpútà á gbà pé òtútù ń mú un, á sì máa tú epo kún epo. Bákan náà ni iná ẹ́ńjìnnì tó ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù tí a kò kà sí. Ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ tó ń yẹ èéfín wò ti bàjẹ́, tí kọ̀ǹpútà sì ń wọn epo bí afọ́jú.

Ọgbọ́n àtijọ́ kò bàjẹ́ tán. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, bíréèkì tó ń há, ẹrù tí kò wúlò nínú búùtù: gbogbo wọn ṣì ń jẹ epo. Òfin tí Nixon fọwọ́ sí náà sì bá ìmọ̀ mu. Ní kìlómítà 120 ní wákàtí kan, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn ju ìlọ́po méjì ti kìlómítà 80 lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá ń mu lítà 12 ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, tí àtúnṣe sì mú un wá sí lítà 10, kọ́bọ̀ 40 péré ni èrè rẹ̀ ní ọdún 1982. Ní ₦617, ó di ₦1,234. Bí awakọ̀ bá ń rin ìrìn náà lójoojúmọ́, owó oúnjẹ ilé ni.

Ìṣirò yìí ni ó kan Ìwópin. Ìjọba àpapọ̀ gbé ilé-iṣẹ́ ìwé kalẹ̀ síbẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ẹja àti ọjà kéékèèké ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun, ọkọ̀ tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ ni ó sì ń kó wọn lọ sí Abígì àti Ìjẹ̀bú-Òde. Epo bẹntiróòlù kan náà ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ń mu. Nítorí náà, bí epo bá gbówó lórí, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹja ń wọ́n: lórí omi, àti lójú títì.

A kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru awakọ̀. Ọ̀nà tó kún fún kòtò ń jẹ epo, kò sì sí mẹkáníìkì tó lè tún ìyẹn ṣe. Iṣẹ́ ìjọba ni. Ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú kò lè mọ̀ ju ohun tí ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ lọ. Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pawọ́ pọ̀ kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọkọ̀ tó wà lójú títì báyìí. Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀yin onímọ́tò, nígbà tí ẹ bá tún dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: thermostat ọkọ̀ yìí dà?