DMX512
DMX512 ni ìlànà tí ẹ̀rọ ìdarí iná orí ìtàgé fi ń pàṣẹ fún àwọn iná. Àjọ USITT ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1986, torí pé kí ó tó dé, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà gbọ́ èdè ti òmíràn. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé ipa-ọ̀nà 512. Ipa-ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń gbé nọ́ńbà kan láti 0 dé 255: 0 ni iná tó kú pátápátá, 255 ni èyí tó tàn dé góńgó. Iná tó ń yí orí kiri lè gba ipa-ọ̀nà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ara rẹ̀ nìkan. Láti ara iná kan ni wáyà ti ń bọ́ sí èkejì, a sì ń fi ìdènà ọ́ọ̀mù 120 dí ìparí rẹ̀ kí àmì má baà ta padà.

Ohun kan wà tí òṣìṣẹ́ iná kò gbọdọ̀ gbàgbé láé: DMX kò ní ọ̀nà láti mọ̀ bóyá àṣẹ dé pé tàbí ó dàrú lọ́nà. Ẹ má ṣe fi darí ẹ̀tù tàbí ẹrù tó ń rọ̀ lókè orí òṣèré. Ẹ̀mí lè bá a lọ. Lónìí, àwọn ìlànà Art-Net àti sACN ń gbé àṣẹ kan náà gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà.