Láti Ìdí Pèrègún Dé Òpó Ike: Ìtàn Ọgbà Oko

Ọ̀tọ̀ ni kí á gbin nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí á kórè rẹ̀. Láàrin méjèèjì ni ẹran ọ̀sìn, olè àti aládùúgbò tí kò mọ ààlà wà. Ìdí nìyí tí ìtàn ọgbà fi jẹ́ apá pàtàkì nínú ìtàn iṣẹ́ àgbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òpìtàn kì í kọbi ara sí i.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, oko etílé ni ó ń fẹ́ ọgbà jù lọ, nítorí pé ewúrẹ́ àti àgùntàn a máa jẹ̀ kiri ìgboro. Imọ̀ ọ̀pẹ, ọparun àti igi ni àwọn baba ńlá fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ikán ni ọ̀tá òpó gbígbẹ, òjò sì ni ìkejì rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe yan igi tí ó máa ń hù bí a bá gé e rì mọ́lẹ̀, irú bí pèrègún àti akòko. Òpó tí ó ní gbòǹgbò kò ní kí ikán wá. Ní ti ààlà oko, pèrègún ju igi lásán lọ, ẹlẹ́rìí ni. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé, ìlà pèrègún ni àwọn àgbà ẹbí fi ń tọ́ka sí ibi tí ilẹ̀ wọn parí sí. Nígbà tí ó yá, àgùnmániyè, igi tí ó ti Ààrin Gbùngbùn Amẹ́ríkà wá, dara pọ̀ mọ́ wọn. Nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fún un, Gliricidia sepium, ọ̀rọ̀ kejì dúró fún ọgbà ní èdè Látìn.

Ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Òfin ọdún 1862 fún ẹni tí ó bá lè gbé orí ilẹ̀ kí ó sì ro ó ní éékà 160, ṣùgbọ́n igi kò pọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá, ọdún 1874, Joseph Glidden, àgbẹ̀ kan ní De Kalb ní ìpínlẹ̀ Illinois, gba ìwé àṣẹ lórí wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Wáyà yìí yanjú ìdajì ìṣòro. Òpó ni ìdajì kejì. Ní àárín gbùngbùn Kansas, òkúta ni àwọn àgbẹ̀ gbẹ́ ṣe òpó, púpọ̀ nínú wọn sì ṣì wà ní ìdúró títí di òní. Wáyà náà mú ìjà wá pẹ̀lú. Ní Texas, ní ọdún 1883, àwọn tí ó ti mọ́ lára láti da màlúù gba gbangba oko kọjá bẹ̀rẹ̀ sí gé ọgbà lóru. Ní ọdún 1884 ni ìjọba ibẹ̀ sọ ọgbà gígé di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá.

Níbi tí igi wà, bí yóò ṣe pẹ́ nínú ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ní ọdún 1838, John Bethell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi ń fi agbára ti ọ̀dà wọ inú igi. Ní àwọn ọdún 1930, Sonti Kamesam, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ṣe àdàlù bàbà, kúrómíọ̀mù àti àséníìkì tí kòkòrò kò lè jẹ. Àséníìkì májèlé ni, nítorí náà nígbà tí ọdún 2003 ń parí lọ, àwọn tí ń ṣe irú igi bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà dẹ́kun títà á fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú ilé àti àyíká rẹ̀.

Ike ti ń bọ̀ lẹ́yìn ní gbogbo àkókò yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 1933, Eric Fawcett àti Reginald Gibson ṣe alábàápàdé pọ́líítíìnì ní Winnington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láìjẹ́ pé òun ni wọ́n ń wá. Ní ọdún 1953, Karl Ziegler ní Jámánì rí ọ̀nà tí a fi ń ṣe èyí tí ó le jù ú lọ. Ní New Zealand, níbi tí Bill Gallagher ti sọ ọgbà oníná di gbajúmọ̀ láti àwọn ọdún 1930, òpó ike wúlò gidigidi, nítorí pé iná mànàmáná kì í gba inú ike kọjá. Ní orílẹ̀-èdè yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ Future Post ní Waiuku ti ń yọ́ ọ̀rá àti ike àlòkù, tí wọ́n sì ń rọ ọ́ di òpó. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ń ṣe ọgbà gba orí ààtàn àtijọ́ kan kọjá ni. Òpó igi rẹ̀ ń ṣẹ́ mọ́ ike tí ó wà nínú ilẹ̀, èrò náà sì sọ sí i lọ́kàn.

Òpó ike kì í jẹrà, ikán kì í jẹ ẹ́, kì í sì í tu májèlé igi sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́ bí wọn kò bá po èédú dúdú mọ́ ọn. Ooru a máa mú un tẹ̀. Iná ìgbẹ́ ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ sì lè yọ́ ọ dànù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Ìjà tí Texas jà ní ọdún 1883 ni ó fara jọ èyí tí ó mú kí ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe òfin lórí ìfẹranjẹ̀ ní ọdún 2016, tí àwọn gómìnà gúúsù sì fi ẹnu kò ní Àsàbà ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 láti fòpin sí dída ẹran kiri. Òfin nìkan kì í ṣe ọgbà. Ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́ ní láti ní ohun tí yóò dá màlúù dúró, ọ̀rá omi tí ó sì dí ojú àgbàrá ní ìlú gbogbo lè di òpó bí a bá rí ẹni tí yóò yọ́ ọ.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí òpó ike kò lè ṣe. A lè fà á tu lóru, kí á sì rì í sí ibòmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́. Pèrègún tí ó ti ta gbòǹgbò láti ayé baba ńlá kò ṣeé ṣí nídìí bẹ́ẹ̀ láìfi àpá sílẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá gbọ́n yóò fi òpó ike na wáyà, yóò sì dá pèrègún sí ní ojú ààlà.